Bẹ́líìtì Nọ́ńbà Kọkànlá

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń kó irin iṣẹ́ sí. Alákàbà kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún un kà. Orúkọ àwọn tó ń gun òpó iná ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye òpó tí oníkálukú ti gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Níwájú orúkọ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n kọ mẹ́tàlélógójì. Níwájú orúkọ tirẹ̀, òdo ni, ó rí roboto bí ojú adìẹ. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé ogójì títí di ọjọ́ Ẹtì, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ikọ̀ òpó, kó lọ jókòó sí yàrá fáìlì.

"Òdo," ló wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. "Èmi, òdo."

Gbogbo òpó mẹ́tàlélógójì yẹn, òun ló gùn wọ́n. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò gun ẹyọ kan. Gbogbo ikọ̀ ló mọ̀. Àwọn tó ń kọjá lábẹ́ òpó mọ̀. Ewúrẹ́ tó ń sùn ní ìdí òpó pàápàá, bó bá lè sọ̀rọ̀, á jẹ́rìí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná wá sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ní obìnrin làwọn ń wá. Wọ́n ní ayé ti là, obìnrin ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn nídìí iná mọ́. Wọ́n mú òun tó gba ipò kìíní, wọ́n dé akoto fún un, wọ́n ní kó gun òpó díẹ̀ kó sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà. Kò sí ọ́fíìsì tí kàlẹ́ńdà yẹn ò dé. Ìgbà tí fọ́tò parí, ó ní kí wọ́n fún òun ní bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so ara mọ́ òpó. Ọkùnrin tó ń tọ́jú irin iṣẹ́ gba lẹ́tà rẹ̀, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

"Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n kọ síbí. Agunpó là ń fún ní bẹ́líìtì."

"Báwo ni olùrànlọ́wọ́ ṣe ń di agunpó?"

"Tó bá ti gun ogójì òpó."

"Láìní bẹ́líìtì? Ṣé eyín ni n ó fi gùn ún?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn ò sí nínú ìwé.

Àkàbà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, àkàbà onírin tó gùn ju ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ó rù ú kiri ìgboro títí èjìká rẹ̀ fi lé kókó. Ibẹ̀ ló ti di Alákàbà.

Ọ̀gá Orúnkún ni olórí ikọ̀ wọn. Ó ti jábọ́ láti orí òpó nígbà kan rí, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, kò lè gun nǹkan kan mọ́. Awakọ̀ kì í gùn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìkan ló kù tó ní lẹ́tà agunpó, òun ló sì ni bẹ́líìtì nọ́ńbà kọkànlá. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ohunkóhun tí ì báà ṣẹlẹ̀, á ní ká ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gun òpó, ó dé ìdajì, ó wo ilẹ̀, ó bá gbá òpó mọ́ra bí ẹni tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Okùn ni wọ́n fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí garawa inú kànga. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti rí òpó, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

"Bọ́ bẹ́líìtì yẹn fún Alákàbà, jàre," Ọ̀gá Orúnkún wí. "Ká rí iṣẹ́ ṣe."

Alákàbà gun òpó bí alángbá ṣe ń gun ògiri. Bẹ́líìtì náà tóbi fún un, ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò méjì kún un kó lè mú ìdí rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn nígbà náà. Ó rò pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, ojú á rí i.

Àṣé ìwé ni wọ́n máa fi gún un lọ́bẹ. Nínú ọgbà iṣẹ́ yẹn, láti ayé àwọn baba ìṣáájú, nọ́ńbà bẹ́líìtì ni olórí ikọ̀ máa ń pè fún akọ̀wé ní ìrọ̀lẹ́, kì í pe orúkọ èèyàn. "Kọkànlá, òpó méjì." Akọ̀wé á kọ ọ́. Bẹ́líìtì kan ló já nígbà kan, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kú, ni wọ́n bá ní kí wọ́n máa ka iye òpó tí bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan gùn, kí wọ́n lè sọ ọ́ nù kó tó gbó. Ohun tó dáa ni wọ́n ṣe. Ọdún yìí ni àwọn ọ̀gá tuntun wá gbé ìwé bẹ́líìtì, wọ́n sọ ọ́ di ìwé èèyàn. Ẹni tó bá ni bẹ́líìtì ló gùn, ó parí. Kò sẹ́ni tó bi ìdí tó wà nínú bẹ́líìtì léèrè.

Alákàbà wọlé tọ akọ̀wé lọ.

"Àǹtí, ìwé kì í purọ́," akọ̀wé wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìwé ò lẹ́nu. Ẹni tó ń kọ ọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ohun tí wọ́n bá pè ni mò ń kọ. Kọkànlá ni wọ́n pè."

"Ta ló wà nínú kọkànlá?"

"Ṣé mo wà níbẹ̀ ni? Láti aago mẹ́jọ ni mo ti máa ń wà lórí àga yìí."

Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ bá Ọ̀gá Orúnkún nídìí mọ́tò. Ìyẹn fa ojú ro kó tó sọ̀rọ̀ tán.

"Ìwọ yìí, ṣé mo ní kó o má gùn ni? Ẹlòmíì ì bá ti fi ẹ́ sídìí omi tíì láti ọjọ́ tó o dé. Èmi fún ẹ láyè. Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń fẹ̀yìn tì. Tí wọ́n bá gbọ́ pé olùrànlọ́wọ́ ni mò ń rán gun òpó, kí ni wọ́n á ṣe fún mi? Jẹ́ n lọ sinmi lálàáfíà."

"Ẹ̀yin á lọ sinmi, ọ̀gá. Èmi á lọ máa gbọn eruku fáìlì."

"Yàrá fáìlì ní fáànù," ni Ọ̀gá Orúnkún fi dá a lóhùn.

Ó ku Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Abẹ́ ibòji ló wà, ó ń fi aṣọ nu bàtà. Ọdún méjì ni Alákàbà fi jù ú lọ, ìyẹn ló ṣe ń pè é ní àǹtí.

"O ti rí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri," Alákàbà wí.

"Mo rí i, àǹtí. Ó dùn mí gan-an."

"Ó dùn ẹ́. Wá ká jọ lọ sọ fún wọn."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí ikọ̀ tí bàbá bá lọ. Tí mo bá débẹ̀ tán, mo búra, èmi fúnra mi ni n ó gbà yín jáde nínú fáìlì."

"Mẹ́tàlélógójì mi lo máa fi débẹ̀?"

"Mo ní ìyàwó nílé, àǹtí. Mo ní ọmọ."

"Èmi náà bí ọmọ. Àbí ìwé bẹ́líìtì ni mo bí?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ orí kọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu bàtà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Alákàbà wò ó títí, ọwọ́ ń yún un. Ká ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbá òun létí ni, ì bá sàn. Èèyàn burúkú á jẹ́ kéèyàn mọ ibi tó máa ju òkúta sí. Èyí á máa bẹ èèyàn nígbà tó ń jẹ èèyàn run.

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, fìtílà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òpó tí Alákàbà gùn lọ́dún yìí fún àdúgbò ẹlòmíì pọ̀ ju ilé tó wà ní àdúgbò tiwọn lọ, síbẹ̀ iná ò tíì débẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí àgékù aṣọ. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ṣé òpó yẹn ti lọ́kọ ni, tó fi ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin?" ìyá béèrè.

"Màámi, mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, ogún ọdún ni mo fi ránṣọ fún ọ̀gá aránṣọ kan. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára gbogbo ẹ̀. Mo dákẹ́. Mo ní Ọlọ́run rí mi. Ọlọ́run rí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ fún ẹnì kankan." Ó gé òwú pẹ̀lú eyín. "Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi ti dákẹ́ tèmi, ó ti tó fún ilé yìí."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ gbé iná sí ilé ìgbẹ̀bí orí òkè. Wáyà ti débẹ̀, tíráńsífọ́mà ti wà lórí òpó, ó ku fíúsì mẹ́ta tí wọ́n máa fi sí i kí iná tó lè kọjá. Agbẹ̀bí àgbà ibẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn aboyún méje. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń di tọ́ọ̀ṣì mú sáàárín eyín gbẹ̀bí, ètè rẹ̀ òsì ti ya díẹ̀ nítorí ẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná wá fúnra rẹ̀, ó mú oníkámẹ́rà dání, ó sì ní kí akọ̀wé gbé ìwé ńlá wá kí òun lè buwọ́ lù ú níwájú gbogbo èèyàn.

Alákàbà gun òpó. Ó so ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó nu ọwọ́, ó mú fíúsì kìíní jáde nínú àpò tó kọ́ mọ́ ìdí. Kò ní ohun kankan lọ́kàn ju pé kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ìgbà náà ni ohùn Ọ̀gá Àgbà gòkè wá bá a.

"Ikọ̀ yìí ni mo fi ń yangàn. Ọkùnrin tó dúró tì mí yìí, òpó mẹ́tàlélógójì láàárín ọdún kan. Òní ló di mẹ́rìnlélógójì. Òun ló máa di olórí ikọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ilé iṣẹ́ wa ò sì fi obìnrin sẹ́yìn o. Ẹ wo tiwa lókè yẹn. Madaamu, ẹ jùwọ́ sí wa."

Ojú gbogbo wọn gòkè. Kámẹ́rà gòkè.

Òun ló wà lórí òpó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó wà nílẹ̀, wọ́n ní kó jùwọ́. Ó dá fíúsì padà sínú àpò. Ó fa àpò dí. Ó fẹ̀yìn ti bẹ́líìtì, ó ká apá mọ́ àyà.

"Ọ̀gá," ló pè. "Ta ló wà lórí òpó yìí?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní ta ló wà lórí òpó."

"Ìwọ ni, madaamu."

"Orúkọ ta ni akọ̀wé máa kọ nírọ̀lẹ́?"

Ọ̀gá Àgbà wo Ọ̀gá Orúnkún. Ọ̀gá Orúnkún wo orúnkún rẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀," Ọ̀gá Àgbà wí, ó ti gbàgbé madaamu. "Tó o bá ní ẹ̀sùn, wá sọ ọ́ ní ọ́fíìsì."

"Mo ti lọ sí ọ́fíìsì. Òdo ni mo bá níbẹ̀. Mẹ́tàlélógójì yẹn, èmi ni mo gùn ún, bẹ́líìtì rẹ̀ ni mo fi gùn ún. Fíúsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ mi. Ẹ kọ orúkọ mi, mo fi wọ́n sí i. Ẹ ò kọ ọ́, mo jókòó síbí."

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé àwọn aboyún yìí lo fẹ́ fi òkùnkùn jẹ níyà?"

Ìyẹn bà á. Ó rí àwọn aboyún náà nísàlẹ̀, ọwọ́ wọn lórí oyún, ó sì mọ̀ pé bí ẹnì kan bá kígbe ìrọbí báyìí, òun á fi fíúsì sí i, òun á sì gbà láti lọ sí yàrá fáìlì. Agbẹ̀bí àgbà ló gba ọ̀rọ̀ náà kó tó dáhùn.

"Ọ̀gá, ẹ má fi àwọn aboyún mi bojú. Ọdún mẹ́sàn-án la fi kọ̀wé sí yín, ẹ ò sáré. Mo ti yẹ gbogbo wọn wò láàárọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ń rọbí. Ọmọbìnrin náà ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ òun, ẹ kọ ọ́. Kí ló le níbẹ̀?"

Ọ̀gá Àgbà yíjú sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Gòkè lọ gba fíúsì lọ́wọ́ ẹ̀."

"Sà, bẹ́líìtì mi…"

"Bẹ́líìtì rẹ dà?"

"Ó wà nídìí ẹ̀, sà."

Aboyún kan rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n gbé àkàbà ti òpó. Awakọ̀ gbé e. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gun ìgbésẹ̀ kìíní, ó gun èkejì, ó gun ẹ̀kẹta. Ní ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àkàbà náà sì ń dún wọ̀rìwọ̀rì lábẹ́ rẹ̀. Ó fi igbáàyà lẹ̀ mọ́ irin, ó di ojú.

"Ẹ rọra fún un," aboyún yẹn wí, "ó jọ pé òun náà fẹ́ bímọ."

"Máa gòkè," Ọ̀gá Àgbà wí.

"Mi ò lè gòkè, sà. Mi ò gòkè rí. Òun ló gùn ún. Gbogbo ẹ̀ pátá, òun ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan dì mí lẹ́sẹ̀ mú."

Oníkámẹ́rà ò tíì dẹ́kun yíya fọ́tò. Ọ̀gá Àgbà fi ọwọ́ bo ojú kámẹ́rà, ó bi Ọ̀gá Orúnkún léèrè pé báwo ló ṣe jẹ́. Ọ̀gá Orúnkún ní bẹ́líìtì làwọn máa ń kọ, sà, bó ṣe wà látijọ́ nìyẹn. Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í, ó wá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tán kíá.

"Akọ̀wé, kọ mẹ́tàlélógójì sí orúkọ obìnrin náà. Ó ti parí. Fi fíúsì sí i."

"Kò tíì parí," Alákàbà wí. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní ṣùù. Tẹ́ ẹ bá dà á fún mi lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, lọ́la ẹ ó ní àánú lẹ fi ṣe mí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo gùn ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Kí akọ̀wé ṣí ìwé láti oṣù kìíní. Ibi tí kọkànlá bá wà, kó kọ orúkọ mi tì í. Mo máa pè é."

"Ṣé o rántí gbogbo ẹ̀ ni?" Akọ̀wé ló béèrè.

"Ìwọ ṣí ìwé."

Akọ̀wé gbé ìwé lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ó dúró tì í.

"Òpó ẹnu ọ̀nà ilé ìwé," Alákàbà wí. "Oṣù kìíní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì. Agbọ́n wà nínú ẹ̀, ó ta mí lójú."

Akọ̀wé fi ìka tọ ìlà. "Ó wà níbẹ̀."

"Kọ ọ́. Òpó ìdí afárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gùn ún, torí wáyà tó kúrú ni Ọ̀gá Orúnkún gbé wá."

"Ó wà níbẹ̀. Méjì ni."

"Òpó ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ. Ibà ń ṣe mí lọ́jọ́ yẹn. Òpó mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ́nà odò. Ọjọ́ yẹn lọmọ mi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, màámi ló mú un lọ torí mo wà lókè. Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mò ń kọ ọ́, àǹtí."

"Kọ ọ́ kó hàn."

Bó ṣe ń pè é ni ohun tó wà nínú ìwé ń bá a mu. Ẹnu akọ̀wé kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ jiyàn. Nígbà tó dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó ń kọ ọ́ wàràwàrà bí ọmọ tí olùkọ́ dúró tì. Agbẹ̀bí àgbà gbé àga jáde fún àwọn aboyún. Kò gbé fún Ọ̀gá Àgbà. Wọ́n ti sọ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kalẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀, orí rẹ̀ láàárín eékún méjèèjì.

Bẹ́líìtì ti ń ge Alákàbà ní ìdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti kú tipiri. Ó rò pé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ òun, ọkàn òun á rọ̀. Kò rọ̀. Orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá wọnú ìwé, ṣe ló ń rán an létí ìrọ̀lẹ́ kan tí wọ́n pe kọkànlá, tó dúró níbẹ̀, tó gbọ́ ọ, tó sì rẹ́rìn-ín.

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," akọ̀wé wí, ó na ẹ̀yìn.

"Ó ku mẹ́rìndínlógún," Alákàbà wí.

"Obìnrin yìí," Ọ̀gá Àgbà pè láti ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, àágùn ti mú ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. "Ogójì ni a ní kó pé. Tí a bá kọ mẹ́tàlá sí i, ó ti tó ọ. Kí la fẹ́ fi mẹ́ta tó lé ṣe?"

Alákàbà wò ó láti òkè.

"Mo gùn wọ́n," ló wí. "Akọ̀wé, kọ ọ́. Òpó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onítáyà. Oṣù kẹjọ, Ọjọ́rú. Òjò ń rọ̀."